Igi obì ta ni? Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kan ní ìlú Àbọ̀dé

Ìlú inú eré ni Àbọ̀dé, ẹ ò lè wọ mọ́tò débẹ̀. Àwa mẹ́fà kan la jọ ń gbé e ró lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ní Ṣàgámù, nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan tó máa ń tì lọ́jọ́ ìsinmi, lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Ẹnì kan ń darí: òun ló ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí àti ohun tó ń lọ. Àwọn tó kù mú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń pinnu fún un. Bí a ò bá mọ̀ bóyá ohun tí ẹnì kan dáwọ́ lé máa yọrí, dáìsì la ń dà. Dungeons & Dragons tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974 ni ẹ̀gbọ́n gbogbo irú eré yìí, òfin rẹ̀ la sì mú bẹ̀rẹ̀ kí a tó gé e kúrú. Èmi ni akọ̀wé. Mo tún ń ṣe akéde ìlú nínú eré, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò dù. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká, òun náà ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Àbọ̀dé wọ̀ wá lára.

Adarí wa jẹ́ olùkọ́ ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kò fẹ́ eré tí a ó kàn máa lé iwin kiri inú igbó. Ó ní ogun ti parí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọba méjì ló bá ara wọn jà fún ọdún méje, ọ̀kan kó iwin jagun, èkejì kó ènìyàn, ìlú mẹ́ta ló sì fọ́ láàárín wọn. Àwọn tó ṣẹ́kù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kóra jọ sójú ilẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sọ ọ́ ní Àbọ̀dé. Ọmọ Ṣàgámù tó bá gbọ́ èyí ti mọ ibi tó ti wá. Ogun Ìjàyè tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860 kò mọ sí Ìjàyè. Ó ràn dé ọ̀dọ̀ wa, títí tí Ẹ̀gbá àti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti Èkó fi pàdé ní Ìkòròdú ní 1865. Ní 1872, àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá, Ọ̀fin, Mákun, Ìjọkùn, Èpé àti àwọn yòókù, kóra jọ sójú kan nítorí ààbò. Akarígbò ni olórí, ṣùgbọ́n kò sí ìlú tó ju orúkọ tirẹ̀ sígbó. Ẹ bi ọmọ Mákun bóyá ọmọ Ọ̀fin ni, ẹ ó gbọ́ èsì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Àbọ̀dé ṣe ní ìtún, ìyẹn àdúgbò, mẹ́ta: Ìtún Òkè, Ìtún Odò àti Ìtún Àárín, kálukú pẹ̀lú olórítún tirẹ̀. Ènìyàn 140 la bá níbẹ̀, ilé 31 ló ní òrùlé.

Ìwé òfin tí a mú bẹ̀rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ idà àti ọfà sọ dáadáa. Bí ẹ bá bi í bí ènìyàn 140 ṣe máa jẹun kí ọkà tuntun tó jáde, kò rí nǹkan púpọ̀ sọ. Adarí bá kọ ojú ìwé kan tirẹ̀ kún un. Ọjọ́ ọjà la fi ń ka àkókò, ní ọrọọrún, ìyẹn láti ọjọ́ ọjà kan dé èkejì. Ní ọrún kọ̀ọ̀kan, ìtún kọ̀ọ̀kan ní iye ọwọ́ tó lè ṣiṣẹ́, a ó sì pín ọwọ́ náà sí oko, sí ilé kíkọ́, sí yàrà ìlú, sí ìṣọ́ òru. Ẹni tí ọwọ́ tirẹ̀ ò bá ká iṣẹ́ lè wọ àáró. Kò ná an ní oúnjẹ, àmọ́ ó jẹ gbogbo ẹni tó bá a ṣe é ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ san án. Tàbí kó bẹ ọ̀wẹ̀: èrò á pọ̀, iṣẹ́ á yá, kò sì jẹ ẹnì kankan lọ́jọ́, ṣùgbọ́n òun ni yóò bọ́ gbogbo wọn. Ìlú tí ebi ń pa kò lè bẹ ọ̀wẹ̀. Ibẹ̀ ni eré náà ti kọ́kọ́ mú wa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ èbù. Ogun ti jẹ èbù iṣu, nítorí àwọn tó sá sínú igbó lọ́dún tó kẹ́yìn ti sun ún jẹ. 600 èbù péré la bá nílẹ̀ fún gbogbo ìlú. Bí a bá sè é, ó lè gbé wa dé ọjà tó kàn. Bí a bá gbìn ín, ó di oṣù méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí a tó wa iṣu. Àgbàdo ní tirẹ̀ á jáde ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, tẹ̀tẹ̀ á ti yọ ṣáájú. Àríyànjiyàn tí a ṣe lórí èbù yẹn gbóná ju ìjà èyíkéyìí tí mo ti rí nínú eré bẹ́ẹ̀ lọ.

Bíríkìlà tó wà láàárín wa kò sì jẹ́ kí adarí sinmi lórí ọ̀rọ̀ ògiri. Adarí kọ́kọ́ ní ilé kan, ọrún kan. Bíríkìlà ní, "Mà, ẹ forí jì mí, ògiri amọ̀ kọ́ lẹ ń sọ yẹn. Ẹ ó mọ ipele kan, ẹ ó fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí ẹ tó gbé òmíràn lé e. Bí ẹ bá mọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń bọ̀ wá wó lé yín lórí." Bí ilé kan ṣe di ọrún mẹ́rin nìyẹn. Bí òjò bá sì bá a kí wọ́n tó fi ewé gbòdògì bò ó, dáìsì ni yóò sọ èyí tó kù nínú rẹ̀.

Dáìsì náà ní ìtàn tirẹ̀. Olójú ogún ni ìwé òfin béèrè, a ò sì rí i rà ní gbogbo ọjà Ṣàgámù. Fóònù lè dà á fún wa, títí bátìrì yóò fi kú. Ẹnì kan ní kí a da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa ta kò ó lójú ẹsẹ̀: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín dá irú eré yẹn o. Bí ìyẹn bá dé ilé wa, mo di aláìnílé." Adarí náà ò fẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ̀ láti fi Òṣùgbó sínú eré, ó ní awo kì í ṣe nǹkan ìṣeré. La bá mú dáìsì lúdò méjì. Ìyẹn yí eré padà ju bí a ṣe rò lọ. Lórí dáìsì olójú ogún, nọ́ńbà gbogbo ló dọ́gba. Lórí dáìsì méjì, ọ̀nà 36 ló wà, 7 sì ní 6 nínú wọn, nígbà tí 2 àti 12 ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí adarí bá ní kí a dà tó 8, ọ̀nà 15 ló gbà wá. Bó bá ní 10, ó ku 6. Àwọn èèyàn kì í dédé ṣoríire ní Àbọ̀dé. Mo rò pé ó bá ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tojú ogun bọ̀ mu.

Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà rèé. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, a ń sáré kí òjò tó dé, nígbà tí obìnrin kan ti oko ẹrú dé. Àbẹ̀kẹ́ ni adarí pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n kó o lọ lọ́dún kìíní ogun, ó padà pẹ̀lú ọmọ méjì tí baba wọn jẹ́ ará ọ̀hún. Kò yà síbì kankan. Ó gba Ìtún Odò lọ, ó dúró níwájú agbo ilé kan, ó ní ilé baba òun nìyí.

Ẹni tó jáde sí i ni Ògúndélé. A ti mọ Ògúndélé, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbin àgbàdo ní Àbọ̀dé, òun ló fún ìtún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nírúgbìn. Ó ti mọ ògiri agbo ilé náà padà, ó ti sin ìyá rẹ̀ sínú yàrá bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé àtijọ́. Ó ní ilẹ̀ òun ni. Ó ní ṣé wọn ò rí igi obì tó wà lẹ́yìnkùlé ni, òun fọwọ́ ara òun gbìn ín nígbà tí òun jáde nínú igbó lọ́dún karùn-ún ogun.

Gbogbo ìgbìmọ̀ ìlú wà níkàlẹ̀, ìyẹn àwa. Bíríkìlà ló ń ṣe olórí ológun. Ọmọbìnrin kan tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń ṣòwò obì ní Sábó ló ń ṣe Ìyálójà. Nọ́ọ̀sì ni oníṣègùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa Márúwá ni olórí ọdẹ. Olórí ológun ò tiẹ̀ jẹ́ kí Ògúndélé parí ọ̀rọ̀.

"Obìnrin yìí ò sá lọ o, wọ́n kó o lọ ni. Kí ọkùnrin yẹn máa kẹ́rù ẹ̀."

Oníṣègùn béèrè ẹni tó máa hú ìyá rẹ̀. Ìyálójà ní kí wọ́n díye lé ilé náà, kí ẹnì kan ra ìpín ẹnì kejì. Olórí ọdẹ wá sọ tirẹ̀, kò sì sọ ọ́ bí olórí ọdẹ mọ́, bí ara rẹ̀ ló sọ ọ́: ẹni tí kò sí nílé láti ọjọ́ yìí kò lè kàn dé lọ́jọ́ kan kó ní kí àwọn tó jìyà ilẹ̀ náà dìde.

Bíríkìlà dìde. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe sọ fún bàbá mi gan-an nìyẹn." Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ta ni kò ní ẹjọ́ ilẹ̀ nílé ní Rẹ́mọ? A mọ̀ pé tiwọn ti pẹ́ ní kóòtù. Ohun tí a ò mọ̀ ni pé ó wà lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Adarí kó dáìsì. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fara balẹ̀, kò sọ pé eré lásán ni, mo sì gbóṣùbà fún un lórí ìyẹn, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó máa ń bí ènìyàn nínú lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ bí "eré lásán ni". Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ọlọ́márúwá lọ bá a nílé. Ọlọ́márúwá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹnu mi yá ju bó ṣe yẹ lọ." Bíríkìlà ní kó dìde, ó fún wa lómi mu. Ó ní òun mọ̀ pé eré ni, ohun tó dun òun gan-an nìyẹn: ní kóòtù, lọ́yà ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀, nínú eré tí òun lè sọ̀rọ̀ fúnra òun, ẹnì kan tún fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun.

Ohun méjì ló béèrè kó tó padà wá. Èkíní, kí ọ̀nà wà tí ènìyàn fi lè dá ọ̀rọ̀ dúró láì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bínú jáde. Níbòmíràn, àwọn tó ń ṣeré yìí máa ń gbé káàdì kan sórí tábìlì fún irú rẹ̀. Tiwa ni àjákù àǹkárá pupa kan tí a rí nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, a yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà, a ò sì ní bi í léèrè ìdí. Èkejì ló ṣe kókó jù lójú mi. Ó ní òun kò fẹ́ kí dáìsì dá ẹjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni òun kò fẹ́ ìbò. Kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí, kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò. Adarí gbà: dáìsì lè sọ bóyá a rí ẹ̀rí, kò lè sọ ẹni tó jàre.

Oníṣègùn ló kọ́kọ́ lọ wá ẹ̀rí, nínú yàrà. Ara Ẹrẹdò Súngbọ́, yàrà àti ògiri àtijọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ jìn tó 20 mítà láti òkè ògiri dé ìsàlẹ̀, ni adarí ti yá àwòrán yàrà Àbọ̀dé. Nínú eré, àwọn tó kú sínú yàrà láìrí ẹni sin wọ́n ṣì ń dáhùn bí wọ́n bá fi omi tútù àti orúkọ pè wọ́n. Baba Àbẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀. Òfin adarí lórí òkú dára púpọ̀, ẹni tó bá ń darí irú eré yìí lè yá a: ohun tí òkú mọ̀ kó tó kú nìkan ló lè sọ, ó sì gbà gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà. 8 la fẹ́, nọ́ọ̀sì da 9. Òkú ní òun sọ fún baba Ògúndélé pé kó bá òun mójú tó ilé títí ọmọ òun yóò fi dé. Ó wá béèrè bóyá baba Ògúndélé wà lálàáfíà. Nọ́ọ̀sì ò mọ èyí tó máa sọ. Baba náà ti kú lọ́dún kejì ogun.

Ẹ̀rí yẹn ò já ọ̀rọ̀. Ó fi hàn pé wọ́n fi ilé síkàáwọ́ ìdílé Ògúndélé ni, àmọ́ Ògúndélé lè ní baba òun ò sọ fún òun. Ìgbà náà ni ọmọ oníṣòwò obì, tó ti ń fi ẹ̀pà mu gaàrí láti àárọ̀ láìdá sí ọ̀rọ̀, gbójú sókè.

"Mà, igi obì yẹn, ṣé ó ti ń so?"

Adarí ní ó ń so, èso rẹ̀ wà nílẹ̀ káàkiri.

"Awẹ́ mélòó ni obì rẹ̀?"

"Mẹ́rin."

"Abàtà ni nígbà yẹn. Gbàǹja kì í ju awẹ́ méjì lọ." Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Ọdún karùn-ún ogun ló ní òun gbìn ín. Ogun parí lọ́dún keje. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Mà, obì wo ló ń so lọ́dún mẹ́ta? Ọdún márùn-ún kò tó fún òmíràn, ó lè di méje. Ẹni tó gbin igi yẹn ti gbìn ín kí ogun tó bẹ̀rẹ̀."

Adarí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò ro nǹkankan nígbà tí òun fi èso sórí igi náà, òun kàn fẹ́ kí ẹ̀yìnkùlé ní nǹkan tí ojú lè rí ni. Ó lè sọ lójú ẹsẹ̀ pé igi àràmàǹdà ni, nínú eré tí òkú ti ń sọ̀rọ̀, ta ni yóò bá a jiyàn? Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí obì máa so bí obì ṣe ń so, ó sì jẹ́ kí Ògúndélé di ẹni tó purọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ adarí wà. Idán lè pọ̀ tó bó ṣe wù kó pọ̀ nínú eré, ṣùgbọ́n kí ohun tí àwọn tó jókòó mọ̀ láyé tiwọn wúlò níbẹ̀. Bíríkìlà mọ ògiri, ọmọ Sábó mọ obì.

Olórí ológun ló bi Ògúndélé léèrè ìdí tó fi purọ́. Adarí dáhùn lẹ́nu Ògúndélé, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà: "Bí mo bá gbà pé ilé yìí kì í ṣe tèmi, níbo ni ìyá mi yóò máa sùn?" Bíríkìlà, tó ní kó máa kẹ́rù rẹ̀ níjelòó, ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n má lé e.

Bí a ṣe dá ẹjọ́ náà nìyí, bí mo ṣe kéde rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ilẹ̀ àti agbo ilé jẹ́ ti Àbẹ̀kẹ́. Yàrá tí ìyá Ògúndélé wà kò kúrò lọ́wọ́ Ògúndélé. Kí wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ sí i láti ẹ̀yìn, kó lè máa wọlé láìbẹ ẹnikẹ́ni. Oko ẹ̀yìnkùlé, kó máa dá a lọ, kó sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́ lọ́dọọdún nínú ohun tó bá kórè. Igi obì jẹ́ ti Àbẹ̀kẹ́, àmọ́ èso ọdún yìí, kí wọ́n pín in sí méjì, torí Ògúndélé ló ro ìdí rẹ̀. Ògiri tó mọ kò gbọ́dọ̀ ṣòfò: ìlú yóò fi ọwọ́ ọrún mẹ́rin kọ́ ilé fún un ní Ìtún Àárín. Àwọn ọmọ méjèèjì, ọmọ Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n, ọmọ Ìtún Odò ni wọ́n. Olórítún fẹ́ sọ nǹkankan lórí ìyẹn, oníṣègùn wò ó, ó panu mọ́. Irọ́ tí Ògúndélé pa, ó san 50 èbù fún un.

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀kan. Kí ni Ìtún Òkè ṣe tí ọwọ́ tiwọn náà fi wọ ilé Ògúndélé? Wọ́n ní irúgbìn àgbàdo tó fún wọn ni wọ́n ń san. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á pé owó ni. Ìdájọ́ náà sì gbówó lórí. Ọwọ́ ọrún mẹ́rin yẹn la bá fi bo ilé mẹ́fà tí a ti mọ ògiri wọn tán. Òjò àkọ́rọ̀ dé bá wọn láìlórùlé, a da dáìsì lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta wó. Ó wà nínú ìwé mi. Ẹnì kan nínú wa ní adarí ń fìyà jẹ wá nítorí pé a ṣàánú. Mi ò gbà. Bí ìdájọ́ kò bá ná ìlú ní nǹkankan, à bá ti parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun kan tó tún fa àròyé ni ipele, ìyẹn bí agbára ẹ̀dá inú eré ṣe ga tó. Nínú ìwé òfin, ìjà ló sábà máa ń gbé ẹ̀dá gòkè. Adarí fún gbogbo wa ní ipele kan lórí ẹjọ́ yìí. Ọlọ́márúwá ní òun ò gbà, ọfà òun ti ń dípẹtà, ìgbà wo ni òun máa pa iwin? Adarí ní iwin kan ń bẹ nínú yàrà lápá ìlà-oòrùn, àmọ́ iwin náà ni kò jẹ́ kí àwọn akónilẹ́rú gba ibẹ̀ wọlé. Kó ro ó dáadáa kó tó ta á lọ́fà. Ó ṣì ń rò ó.

Bíríkìlà ń bọ̀ déédéé. Àǹkárá pupa wà lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì nìkan ló tíì fọwọ́ kàn án, lórí ọ̀rọ̀ ọmọ kan tó fẹ́ kú nínú ìtàn, a sì yà kúrò níbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ti san ọjọ́ àáró méjì. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti kànga: Ìtún Òkè ló gbẹ́ ẹ, Ìtún Odò ló ń pọn ọ́n jù, olórítún méjèèjì ò sì kí ara wọn mọ́.